Àwòrán MRI sódíọ̀mù nínú ìwádìí ìṣègùn

Àwòrán MRI sódíọ̀mù jẹ́ ọ̀nà ìyàwòrán inú ara tí ó ń lo agbára òòfà àti ìgbì rédíò láti fi ibi tí sódíọ̀mù wà nínú ara ènìyàn hàn, àti bí ó ṣe pọ̀ tó níbẹ̀. Àwòrán MRI tí a ń yà ní ilé ìwòsàn lójoojúmọ́ máa ń gba ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ háídrójìn tí ó wà nínú omi àti ọ̀rá ara, ìrísí ẹ̀yà ara ni ó sì ń fi hàn. Irú òòfà kan náà ni ti sódíọ̀mù ń lò, ṣùgbọ́n èròjà tí ó wà nínú iyọ̀ ni ó ń wá. Nítorí náà, kì í ṣe bí ẹ̀yà ara ṣe rí nìkan ni ó ń sọ fún olùwádìí. Ó tún ń jẹ́ kí ó mọ̀ bóyá àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ.

Ìwádìí ni a ń lo àwòrán yìí fún jù, kò tíì di ohun tí dókítà ń kọ fún aláìsàn lójoojúmọ́. A ti fi ṣe ìwádìí lórí àrùn rọpárọsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn kíndìnrín, àrùn oríkèé àti jẹjẹrẹ. Ọ̀rọ̀ náà kan ilẹ̀ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ríru àti rọpárọsẹ̀ wà lára àwọn àìsàn tí ó ń pa àgbàlagbà jù níbẹ̀, iyọ̀ sì wà lára ohun tí ó ń fà wọ́n. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ jùlọ ẹ̀rọ MRI tí ó wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà ni òòfà wọn kò lágbára tó fún irú àwòrán bẹ́ẹ̀.

## Sódíọ̀mù nínú ara ènìyàn

Nínú gíráàmù 5 iyọ̀ ọbẹ̀, nǹkan bíi gíráàmù 2 ni ó jẹ́ sódíọ̀mù. Klóráìdì ni ìyókù. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àgbàlagbà níyànjú pé kí iyọ̀ tí ó ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn iyọ̀ tí kò kún ṣíbí kékeré ìmutíì kan. Gbogbo iyọ̀ ni ìmọ̀ràn yìí kà pọ̀: èyí tí a bù sínú ọbẹ̀, èyí tí a wọ́n sórí oúnjẹ nínú àwo, àti èyí tí ó fara pamọ́ sínú búrẹ́dì, ẹja oníyọ̀ àti àwọn èròjà adùn ọbẹ̀ onígun mẹ́rin tí àwọn ènìyàn ń pè ní Maggi.

Ara kò lè wà láìní sódíọ̀mù. Òun ni ó ń jẹ́ kí iṣan ìmọ̀lára gbé ìròyìn, kí ọkàn lù, kí omi sì wà ní ìwọ̀n tí ó yẹ nínú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ó wà ṣe pàtàkì ju iye rẹ̀ lọ. Nínú omi tí ó yí sẹ́ẹ̀lì ká, ìwọ̀n sódíọ̀mù tó nǹkan bíi mílímóòlù 140 nínú lítà kan. Nínú sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, mílímóòlù 10 sí 15 péré ni. Ìyàtọ̀ ńlá yìí kò ṣẹlẹ̀ lásán. Pọ́ǹpù tíntìntín kan wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì tí ó ń ti sódíọ̀mù mẹ́ta síta, tí ó sì ń fa pọ̀tásíọ̀mù méjì wọlé, láìsinmi tọ̀sán-tòru. Ọmọ ilẹ̀ Dẹ́nímáàkì kan, Jens Christian Skou, ni ó ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1957, ó sì gba Ẹ̀bùn Nobel nínú ẹ̀kọ́ kẹ́místrì fún un ní 1997.

Agbára ni pọ́ǹpù náà ń jẹ. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ibì kan mọ́, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn yóò tán níbẹ̀, agbára yóò tán, pọ́ǹpù yóò sì dákẹ́. Nígbà náà ni sódíọ̀mù tí ó wà lóde yóò máa rọ́ wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Ẹni tí ó bá lè rí sódíọ̀mù yóò rí ìdààmú sẹ́ẹ̀lì bí ó ti ń ṣẹlẹ̀. Orí èyí ni ìwúlò àwòrán MRI sódíọ̀mù dúró lé.

## Bí àwòrán náà ṣe ń wáyé

Sódíọ̀mù kan ṣoṣo ni ó wà nínú ìṣẹ̀dá tí kì í yí padà, òun ni sódíọ̀mù-23. Àárín átọ̀mù rẹ̀, níbi tí prótọ́ọ̀nù àti niutrọ́ọ̀nù wà, ń ṣe bí òòfà kékeré. Bí a bá gbé ènìyàn sínú òòfà ńlá ẹ̀rọ MRI, àwọn òòfà kékeré wọ̀nyí yóò máa yí bí òòyì, ìyára tí wọ́n fi ń yí sì bá agbára òòfà ńlá náà mu. Ẹ̀rọ yóò wá fi ìgbì rédíò tí ó bá ìyára yẹn dọ́gba rú wọn sókè. Bí ìgbì náà bá ti dúró, wọn yóò fi ìgbì tiwọn dáhùn, kọ́ìlì kan tí ó dà bí ẹ́ríà rédíò yóò gbà á, kọ̀ǹpútà yóò sì sọ ọ́ di àwòrán.

Gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ rédíò kọ̀ọ̀kan ṣe ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí a ń yí sí, bẹ́ẹ̀ ni èròjà kọ̀ọ̀kan ní ìgbì tirẹ̀. Nínú òòfà tí agbára rẹ̀ jẹ́ tẹ́sílà 3, háídrójìn ń dáhùn ní nǹkan bíi mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì 127.7, sódíọ̀mù ń dáhùn ní mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì 33.8. Nítorí ìyàtọ̀ yìí, ẹ̀rọ MRI tí a ṣe fún háídrójìn nìkan kò lè gbọ́ sódíọ̀mù. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ amúgbì-lágbára tí ó lè ṣiṣẹ́ ní ìgbì méjèèjì, àti kọ́ìlì tí a ṣe ní pàtàkì fún sódíọ̀mù.

Láti sọ àwòrán di iye tí a lè kà, àwọn olùwádìí máa ń gbé àwọn ọ̀pá kéékèèké tí omi iyọ̀ wà nínú wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yà ara tí wọ́n ń yà. Wọ́n ti mọ ìwọ̀n iyọ̀ inú ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ṣáájú. Fún àpẹẹrẹ, mílímóòlù 10, 20, 30 àti 40 nínú lítà kan. Bí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ṣe mọ́lẹ̀ tó nínú àwòrán ni wọn yóò fi díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ti ara ènìyàn, gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò ṣe ń fi òṣùwọ̀n tí a mọ̀ wọn ọjà tí a kò mọ ìwúwo rẹ̀.

## Ìdí tí ó fi ṣòro

Ohùn sódíọ̀mù kéré púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti háídrójìn. Bí iye átọ̀mù àwọn méjèèjì bá tilẹ̀ dọ́gba, ìdáhùn sódíọ̀mù kò ju nǹkan bíi ìdá 9 nínú 100 ti háídrójìn lọ. Ṣùgbọ́n iye wọn kò dọ́gba rárá: nínú ọpọlọ, háídrójìn omi ju sódíọ̀mù lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 2,000. Bí a bá pa ohun méjèèjì pọ̀, ìdáhùn sódíọ̀mù kéré sí ti háídrójìn ní nǹkan bí ìlọ́po 20,000. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń wá ohùn ọmọdé kan ṣoṣo láàárín ariwo ọjà Odò-Orí ní Ìwó.

Ìṣòro kejì ni pé ìdáhùn náà kì í pẹ́. Apá tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ máa ń parẹ́ láàárín nǹkan bí ìdá 1 sí 5 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí ọ̀nà ìyàwòrán àtijọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á, ó ti lọ. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ físíìsì fi ṣe àwọn ọ̀nà tuntun tí ó ń bẹ̀rẹ̀ ìgbàsílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, tí ó sì ń kó ìròyìn jọ láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́ bí ìtànṣán oòrùn.

Àbájáde ìṣòro méjèèjì hàn nínú àwòrán. Nínú òòfà tẹ́sílà 3, ẹyọ kọ̀ọ̀kan tí àwòrán sódíọ̀mù pín ara sí máa ń fẹ̀ tó mílímítà 3 sí 6, nígbà tí ti háídrójìn lè jẹ́ mílímítà 1. Àwòrán kan sì lè gba ìṣẹ́jú 10 sí 20. Ohun tí ó ń dín ìṣòro náà kù ni òòfà tí ó lágbára sí i: tẹ́sílà 3, tẹ́sílà 7, àti òòfà tẹ́sílà 9.4 tí Keith Thulborn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ya ọpọlọ ènìyàn ní Yunifásítì Illinois ní Chicago.

## Ìtàn

Ní ọdún 1946 ni ẹgbẹ́ Felix Bloch àti ẹgbẹ́ Edward Purcell, tí wọn kò ṣiṣẹ́ pọ̀, fi hàn ní Amẹ́ríkà pé àárín átọ̀mù lè dáhùn sí ìgbì rédíò nínú òòfà. Àwọn méjèèjì pín Ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì ní 1952. Paul Lauterbur fi ìmọ̀ yìí ya àwòrán àkọ́kọ́ ní 1973, òun àti Peter Mansfield sì gba Ẹ̀bùn Nobel nínú ìṣègùn ní 2003.

Sódíọ̀mù kò pẹ́ tẹ̀lé e. Ní 1981, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà tẹ àwòrán sódíọ̀mù ọkàn eku jáde. Ní 1983, Sadek Hilal, ọmọ bíbí Íjíptì tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Columbia ní New York, tẹ àwòrán sódíọ̀mù ọpọlọ ológbò jáde, ṣáájú àti lẹ́yìn tí rọpárọsẹ̀ ṣe é. Ní 1985 ni ó tẹ ti orí ènìyàn jáde. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé rọpárọsẹ̀ ni ó wà ní iwájú iṣẹ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n òòfà ìgbà náà kò lágbára tó, àwòrán háídrójìn sì ń dára sí i lọ́dọọdún, nítorí náà ti sódíọ̀mù rọ̀ sẹ́yìn. Ìgbà tí òòfà tẹ́sílà 3 wọ́pọ̀ ní ilé ìwòsàn ńláńlá ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ọdún 2000, ni ó tún gbérí.

## Àwọn ìlò rẹ̀ nínú ìwádìí

### Ọpọlọ àti rọpárọsẹ̀

Bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá dí iṣan ọpọlọ, sódíọ̀mù ibẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, yóò sì máa pọ̀ sí i bí wákàtí ti ń lọ. Èyí wúlò nítorí pé oògùn tí ó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì ní àkókò: láàárín wákàtí 4 àti ààbọ̀ lẹ́yìn tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ ni a sábà máa ń fún ènìyàn. Ẹni tí ó sùn lálàáfíà tí ó jí pẹ̀lú apá tí kò ṣiṣẹ́ kò lè sọ ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Àwọn olùwádìí ń wò ó bóyá ìwọ̀n sódíọ̀mù lè sọ fún wọn bí àkókò ṣe lọ tó, àti apá ọpọlọ tí ó ṣì ṣeé gbà là. A tún ti lò ó fún àrùn multiple sclerosis, níbi tí sódíọ̀mù ti ń pọ̀ kọjá ààlà nínú ọpọlọ àwọn aláìsàn.

### Oríkèé

Egungun rírọ̀ tí ó bo orí eegun ní orókùn ní èròjà kan tí a ń pè ní glycosaminoglycan. Èròjà yìí ń fa sódíọ̀mù mọ́ra, nítorí náà sódíọ̀mù pọ̀ níbẹ̀ ju nínú ẹ̀jẹ̀ lọ dáadáa. Bí àrùn oríkèé bá bẹ̀rẹ̀, glycosaminoglycan yóò máa dín kù, sódíọ̀mù náà yóò sì dín kù, kí egungun rírọ̀ náà tó fẹ́lẹ́ tó ohun tí àwòrán lásán lè fi hàn. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń wá oògùn fún orókùn dídùn fi fẹ́ràn rẹ̀.

### Jẹjẹrẹ

Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kì í tọ́jú ìwọ̀n sódíọ̀mù bí sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ dá. Nínú jẹjẹrẹ ọpọlọ àti ti ọmú, àwọn olùwádìí ti rí i pé sódíọ̀mù pọ̀ ju ti ẹran ara tí ó yí i ká lọ. Wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àyípadà rẹ̀ lè fi hàn kíákíá pé oògùn ń ṣiṣẹ́, kí ó tó di pé kókó jẹjẹrẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kéré.

### Kíndìnrín

Kíndìnrín ń kó sódíọ̀mù jọ sí àárín gbùngbùn rẹ̀ kí ó lè fi fa omi padà láti inú ìtọ̀. Àwòrán sódíọ̀mù fi èyí hàn kedere: sódíọ̀mù ń pọ̀ láti èèpo kíndìnrín lọ sí inú rẹ̀. Bí ènìyàn kò bá mu omi fún wákàtí púpọ̀, ìyàtọ̀ náà ń pọ̀ sí i. Bí kíndìnrín bá ń bàjẹ́, agbára yìí wà lára ohun tí ó ń sọnù.

### Awọ ara àti iṣan: ibi tí iyọ̀ ń sá pamọ́ sí

Ìlò tí ó yí èrò àwọn onímọ̀ padà jù ni èyí. Ohun tí ìwé ìṣègùn ti ń kọ́ni tipẹ́ ni pé sódíọ̀mù àti omi kì í ya ara wọn: bí ara bá dá sódíọ̀mù dúró, yóò dá omi dúró pẹ̀lú rẹ̀, ìwúwo ènìyàn yóò pọ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò ru, kíndìnrín yóò sì tọ́ ọ sọnù. Jens Titze àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Erlangen, ní ilẹ̀ Jámánì, rí i lára ẹranko pé sódíọ̀mù lè kóra jọ sínú awọ ara láìsí pé omi tẹ̀lé e ní ìwọ̀n tí a retí. Ìbéèrè tí ó kù ni bóyá bẹ́ẹ̀ ni ó rí lára ènìyàn, níwọ̀n bí a kò ti lè máa gé awọ ènìyàn wò. Àwòrán MRI sódíọ̀mù ni ó dáhùn.

Wọ́n ń ya ẹsẹ̀ lẹ́yìn ojúgun, pẹ̀lú àwọn ọ̀pá omi iyọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ní 2012, wọ́n fi hàn pé àwọn tí omi ara aldosterone wọn pọ̀ jù ní sódíọ̀mù nínú iṣan ẹran ara tí ó fi ìdá 29 nínú 100 ju ti àwọn aláìlárùn lọ. Lẹ́yìn ìtọ́jú, ó padà sí bí ó ti yẹ láìsí pé ìwúwo wọn yí padà. Ní 2013, wọ́n tẹ ìwádìí mìíràn jáde tí ó fi hàn pé sódíọ̀mù ara ń pọ̀ bí ọjọ́ orí ti ń lọ, àti pé ó pọ̀ lára àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kò gbọ́ oògùn. Ní 2015, wọ́n fi hàn pé ìfọ̀ ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ ń yọ sódíọ̀mù kúrò nínú awọ àti iṣan àwọn tí kíndìnrín wọn ti dákẹ́. Ní 2017, wọ́n rí i lára àwọn tí àìsàn kíndìnrín wọn kò tíì le púpọ̀ pé bí sódíọ̀mù awọ bá ṣe pọ̀ tó ni ògiri ọkàn ṣe máa ń nípọn tó.

Ohun tí gbogbo èyí túmọ̀ sí ni pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè dára, kí iyọ̀ sì ti kún inú awọ. Ẹ̀jẹ̀ kì í jẹ́rìí sí gbogbo iyọ̀ tí ó wà nínú ara.

## Ìwádìí iyọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà

Ìwádìí lórí ẹ̀jẹ̀ ríru ní ilẹ̀ Yorùbá ti pẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oládipọ̀ Akínkùgbé ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀. Ní 1969, òun àti O. A. Ojo tẹ ìwádìí jáde lórí ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín àwọn ará ìlú ńlá àti àwọn ará oko ní Nàìjíríà. Ní 1997, ìwádìí alájùmọ̀ṣe kan tí ó kó àwọn ènìyàn Nàìjíríà, Kamẹrúùnù, àwọn erékùṣù Kàríbíà àti Amẹ́ríkà pọ̀ fi hàn pé láàárín àwọn tí baba ńlá wọn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà wá, ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára ìdá 16 nínú 100 ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà fúnra rẹ̀, ìdá 26 ní Kàríbíà, àti ìdá 33 ní Amẹ́ríkà. Nítorí pé orísun kan náà ni wọ́n, ìyàtọ̀ yìí tọ́ka sí ìgbé-ayé àti oúnjẹ, kì í ṣe sí ẹ̀jẹ̀ ìran nìkan.

Ní 2005, àwọn olùwádìí tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde tí wọ́n ṣe ní Jàmáíkà àti ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ènìyàn 56 ní Jàmáíkà àti 58 ní Nàìjíríà jẹ oúnjẹ tí iyọ̀ rẹ̀ kéré fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n sì jẹ èyí tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tí iyọ̀ dín kù, òkè ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀ ní nǹkan bíi mílímítà mẹ́kúrì 5 ní orílẹ̀-èdè méjèèjì.

Ní 2018, ìwádìí SIREN, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Ìbàdàn ṣáájú rẹ̀, jáde nínú ìwé ìròyìn The Lancet Global Health. Wọ́n fi àwọn 2,118 tí rọpárọsẹ̀ ṣe ní Nàìjíríà àti Gánà wé àwọn 2,118 tí kò ṣe, tí ọjọ́ orí àti ẹ̀yà wọn bára mu. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ṣíwájú nínú ohun tí ó so mọ́ rọpárọsẹ̀. Lára ìyókù ni bíbu iyọ̀ kún oúnjẹ nígbà tí ó ti dé orí tábìlì, àti àìjẹ ẹ̀fọ́ tútù tó.

Nínú àwọn ìwádìí irú èyí, ọ̀nà méjì ni a sábà fi ń mọ iyọ̀ tí ènìyàn jẹ: a óò bi í léèrè, tàbí kí a kó ìtọ̀ rẹ̀ jọ fún wákàtí 24. Ìtọ̀ ń sọ ohun tí ó jáde. Kò sọ ohun tí ó kù nílé. Ìṣòro náà hàn nínú ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2013 lórí àwọn ọkùnrin tí a tì mọ́ inú ilé kan ní Mọ́síkò, bí ẹni pé wọ́n ń rìnrìn-àjò lọ sí pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì, fún ọjọ́ 105 àti ọjọ́ 520. Iye iyọ̀ tí wọ́n ń jẹ lójúmọ́ kò yí padà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, síbẹ̀ iye tí ó ń jáde nínú ìtọ̀ wọn ń gòkè, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìgbà-dé-ìgbà. Nítorí náà, ìtọ̀ ọjọ́ kan kò tó láti mọ iye iyọ̀ tí ẹnì kan ń jẹ.

Ibí ni àwòrán MRI sódíọ̀mù ti lè fi kún iṣẹ́ àwọn olùwádìí ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni méjì lè jẹ iyọ̀ kan náà ní Ìwó, kí ẹ̀jẹ̀ ọ̀kan ru, kí ti èkejì má ru. Ìtọ̀ wọn lè jọra. Àwòrán ẹsẹ̀ wọn lè sọ ẹni tí iyọ̀ ń dúró sí lára, bí oògùn tí ń mú ni tọ̀ ṣe ń kó o jáde, àti bóyá dídín iyọ̀ ọbẹ̀ kù ń dín ti inú awọ kù pẹ̀lú.

## Ẹ̀rọ àti òṣìṣẹ́

Ìṣòro tí ó kọ́kọ́ dúró níwájú ni ẹ̀rọ. Ní 2018, Godwin Ogbole, onímọ̀ àwòrán ìṣègùn ní Ìbàdàn, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Nàìjíríà àti Gánà tẹ ìkànìyàn ẹ̀rọ MRI Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà jáde. Ẹ̀rọ 84 ni wọ́n kà fún ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù 370 lọ. 58 nínú wọn wà ní Nàìjíríà. Èyí túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ kan wà fún ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù 4 lọ. Ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wọn sì ni òòfà wọn kéré. Nínú òòfà tẹ́sílà 0.3, ìgbì sódíọ̀mù wálẹ̀ sí nǹkan bíi mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì 3.4, ìdáhùn rẹ̀ sì rẹ̀ dòò. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wúlò gan-an fún ọpọlọ àti eegun ẹ̀yìn aláìsàn, ṣùgbọ́n kò lè wọn sódíọ̀mù awọ.

Òòfà ńlá sì ní bùkátà tirẹ̀: iná mànàmáná tí kì í lọ, gáàsì hílíọ̀mù tí ó ń mú un tutù, kọ́ìlì àti amúgbì-lágbára fún sódíọ̀mù, àti onímọ̀ físíìsì tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí ni owó nìkan kò lè rà. Ẹgbẹ́ CAMERA, tí Udunna Anazodo, onímọ̀ físíìsì MRI tí ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ láti kọ́ àwọn ọmọ Áfríkà ní ìmọ̀ MRI, kí ẹ̀rọ tí a bá rà má baà di ohun ọ̀ṣọ́.

Ìwó, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, jẹ́ àpẹẹrẹ ibi tí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti lè jáde wá. Ibẹ̀ ni Yunifásítì Bowen wà, èyí tí ìjọ Onítẹ̀bọmi Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní 2001. Ilé ìwòsàn tí ó fi ń kọ́ àwọn ọmọ ìṣègùn rẹ̀ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú Ìbàdàn tí ó ní ilé ìwòsàn UCH kò sì jìnnà. Físíìsì, kẹ́místrì, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà àti ìṣègùn ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́ pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní òòfà lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a ti ń ṣe ìṣirò àwòrán lórí kọ̀ǹpútà, nítorí pé apá ńlá iṣẹ́ náà wà lẹ́yìn tí aláìsàn bá ti dìde kúrò nínú ẹ̀rọ.

## Ààlà àti ààbò

Àwòrán MRI sódíọ̀mù kò ní ìtànṣán tí ó ń pa ara lára bíi ti X-ray, kò sì nílò pé kí a gún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ oògùn àwòrán, nítorí pé sódíọ̀mù ti wà nínú ara tẹ́lẹ̀. Ìkìlọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti MRI yòókù: ẹni tí ó ní irin tàbí ẹ̀rọ amọ́kàn-lù nínú ara gbọ́dọ̀ sọ fún òṣìṣẹ́ kí ó tó wọlé.

Ààlà rẹ̀ tí ó tóbi jù ni pé ìwọ̀n tí ó ń fi hàn jẹ́ àpapọ̀ sódíọ̀mù inú sẹ́ẹ̀lì àti ti òde rẹ̀. Bí ibì kan bá wú tí omi kún un, sódíọ̀mù yóò pọ̀ níbẹ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì kò ní ìṣòro. Àwọn ọ̀nà kan wà tí a fi ń gbìyànjú láti ya méjèèjì sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n tún ń dín ìdáhùn tí kò tó tẹ́lẹ̀ kù. Ààlà kejì ni pé awọ ara tínrín ju ẹyọ àwòrán lọ, nítorí náà ìwọ̀n sódíọ̀mù rẹ̀ lè dà pọ̀ mọ́ ti ọ̀rá abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pé iye ènìyàn tí a ń yà nínú ìwádìí kọ̀ọ̀kan sábà máa ń kéré, ẹ̀rọ ibì kan sì yàtọ̀ sí ti ibòmíràn. Ìdí nìyí tí ọ̀pá omi iyọ̀ fi ṣe pàtàkì, kí ohun tí a wọ̀n ní Erlangen àti ohun tí a óò wọ̀n ní Ìbàdàn lè jẹ́ òṣùwọ̀n kan náà.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dúró de ẹ̀rọ yìí kí ó tó tọ́jú ara rẹ̀. Wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ìwádìí tí a ti ṣe ní ilẹ̀ Yorùbá sì ti fi hàn pé dídín iyọ̀ kù ń mú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Iṣẹ́ àwòrán MRI sódíọ̀mù ni láti ṣàlàyé ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí yóò ṣe láǹfààní jù, àti ohun tí oògùn ń ṣe sí iyọ̀ tí ojú àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò lè rí.